Ohun tí mo rí nígbà tí ìyá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa wá láti ìdílé ọba

Ẹgbẹ́ aláàánú tí mo ń yọ̀ǹda ara mi fún ní Ìlú Ọba kò tóbi rárá. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé ara wọn la ń ràn lọ́wọ́, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lára wọn. Síbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn àgbà ìdílé ọba ni ìyá ìsàlẹ̀ wa, ìgbà tí wọ́n sì wá bẹ̀ wá wò ni mo fojú ara mi rí ohun tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Ètò ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ọjọ́ tó pé. Àwọn òṣìṣẹ́ Lord-Lieutenant, ìyẹn aṣojú ọba ní àgbègbè wa, wá yẹ ilé wò, àwọn ọlọ́pàá náà sì wá. Wọ́n ní kí a kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí àlejò yóò bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn díẹ̀ nípa ohun tí onítọ̀hún ń ṣe. Èmi ni mo kọ apá kan nínú ìwé náà, ìdí nìyẹn tó fi dá mi lójú pé ìyá ìsàlẹ̀ wa kà á: nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í ni ẹni tó ń dúró ti ìyá náà nígbà tí òun bá wà ní kíláàsì. Ọmọ tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ láàárín wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, wọn kò sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé wọn ti ń wo aago, nítorí ibòmíràn ṣì wà tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà.

Ìyá ìsàlẹ̀ kì í darí ẹgbẹ́, kì í sì í gbowó oṣù. Àmọ́ aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ tí kò fèsì sí lẹ́tà wa rí wà níjokòó lọ́jọ́ náà, olùdarí wa sì rí i bá sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí yàrá tí a ti ń tọrọ látọjọ́ pípẹ́. A rí yàrá náà gbà.

Iṣẹ́ yìí pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹgbẹ́ tó lé ní 600 ló wà lọ́rùn Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ọkọ rẹ̀, Philip, dá lọ sí òde iṣẹ́ 22,219 láti ọdún 1952 títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2017. Anne, ọmọ wọn obìnrin, ti wà pẹ̀lú Save the Children, àjọ tó ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́, láti ọdún 1970, àwọn ẹgbẹ́ àti àjọ tó sì ń bá ṣe lé ní 300. Lẹ́yìn tí Ọbabìnrin wàjà ní 2022, ààfin yẹ àwọn ẹgbẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ wò, oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni èsì rẹ̀ tó jáde. Ọdún yẹn kan náà ni Ọba Charles àti Catherine, ìyàwó William ọmọ ọba, ń gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, ẹrù sì wúwo lórí àwọn tó kù.

Ní tèmi o, mo fẹ́ kí wọ́n dín iye ẹgbẹ́ kù, kí wọ́n lè máa padà síbi tí wọ́n bá ti lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń dín in kù, kí wọ́n má ṣe fi àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀, nítorí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti lórúkọ, wọ́n sì lówó tí wọ́n fi lè polongo ara wọn.