"Ọmọ ta ni?" ni Alhaja bi mí

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí ọ̀rọ̀ àwìn. Iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo ìlú aró. Màmá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní òun á san lọ́jọ́ ọjà, ó ti gbé aṣọ lọ nìyẹn. Inú máa ń bí mi sí i. Ọjọ́ tí mo ṣe fíríìdọ̀mù báyìí, ìwé ni mo kọ́kọ́ rà, mo sì kọ "Kò sáwìn lónìí" gàdàgbà sára ògiri. Bí mo bá fẹ́ ra ọjà, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá fi náírà 50 dín sí ti ẹnìkejì ni mò ń lọ. Mi ò jẹ ẹnì kankan, ẹnì kankan ò jẹ mí. Mo máa ń fi yangàn gan-an ni.

Àfi ìgbà tó di oṣù Kejì 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó. Ẹ ò ní gbàgbé. Àwọn oní-POS ń fi owó ta owó, tíráńsífà á kúrò lọ́dọ̀ ẹ, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó o fi ránṣẹ́ sí. Àárín ìyẹn ni wọ́n gbé iṣẹ́ àǹkóò ogún èèyàn fún mi, yáàdì márùn-ún márùn-ún.

Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ wa lè má mọ èyí: kẹ́míkà méjì kan, kọ́sítíìkì àti àídírò, ni ọ̀pọ̀ wa fi ń po aró báyìí. Bí afẹ́fẹ́ tàbí ọ̀rinrin bá ti ráyè wọ inú àídírò, agbára rẹ̀ ti lọ, ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n. Funfun ni èyí tó dáa, funfun náà ni èyí tó ti kú. Ẹnu ẹni tó ń tà á lo máa gbà gbọ́.

Bí aró bá gbó, aṣọ á jáde nínú rẹ̀ bí ewé tútù, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á wá máa ṣú lójú ẹ títí á fi di búlúù. Lọ́jọ́ yẹn, mo fa yáàdì mẹ́wàá àkọ́kọ́ jáde, ó rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀fọ́. Mo nà án sórí okùn. Mo dúró, dúró. Kò ṣú.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta àídírò fún mi. Ó ní, "Ṣebí o rí i kó o tó sanwó?" Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn mí, ṣùgbọ́n ṣé irọ́ ló pa? Bí èmi náà ṣe ń bá a ṣe nìyẹn.

Màmá ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Alhaja kan ní Ọjà Ọba. Alhaja wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọmọ ta ni?"

"Tèmi ni," ni Màmá wí.

Ó tán. Mo nawọ́ sí àpò àídírò tó wà ní ṣíṣí, Alhaja gbá ọwọ́ mi dànù: "Ìyẹn ti rí afẹ́fẹ́, má fi ṣe àǹkóò aláǹkóò." Ó ní kí ọmọ òun lọ já tuntun wá. Kò bi mí níjọ́ tí mo máa san.

Lójú ọ̀nà, mo bi Màmá bó ṣe jẹ́. Ó ní, "Àáró ni." Ọdún tí Alhaja lọ Mẹ́kà, òun ló bá a jókòó ti ìsọ̀.

Oṣù Kẹta, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ní ká máa ná owó àtijọ́ lọ, mo gbé owó Alhaja lọ fún un. Kò kà á. Ó sọ ọ́ sínú páànù, ó ní, "Ṣé aṣọ náà mu aró?"

Kì í kúkú ṣe pé wọn kì í rẹ́ Màmá jẹ o. Obìnrin kan kó aṣọ méjìlá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí Èkó, a ò tíì rí i títí dòní. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, òṣé ni Màmá máa ń pa. Nítorí náà, mi ò tíì fa ìwé mi ya.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wá tọrọ àídírò ife méjì, ó ní òun á dá a padà. Mo bù ú fún un. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ náà, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó wọlé tán kí n tó fa bírò yọ.