Bí àlékún ni krómósómù 21 kẹta, kí ló dé tí ó fi ń fa ọpọlọ ọmọ sẹ́yìn?

Ìyá Fèyí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ọmọ mi dé, dókítà tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó ń fi bírò tọ́ka sí àwọn krómósómù, ìyẹn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí ìtọ́ni ara wà lórí wọn, tí wọ́n tò ní méjìméjì bíi bàtà, títí ó fi kan nọ́ńbà 21, níbi tí mẹ́ta kéékèèké ti dúró ti ara wọn. Ó ní Down syndrome nìyẹn. Ohun tí kò yé mi ni pé kò sí ohun tí ó dín lára ọmọ mi. Báwo ni àlékún ṣe wá di ìdíwọ́?

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Orí krómósómù ni jíìnì wà, jíìnì ni ó sì ń pàṣẹ purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe, nítorí náà bí krómósómù bá di mẹ́ta, tí jíìnì orí rẹ̀ náà sì di mẹ́ta dípò méjì, purotéènì rẹ̀ sábà máa ń fi nǹkan bí ìdajì lé sí i. Ẹ wo jíìnì DYRK1A, tí ó wà lára àwọn tí ń darí ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ọpọlọ yóò ṣíwọ́ pípín. Nínú eku, bí DYRK1A bá pọ̀ jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ náà máa ń tètè ṣíwọ́ pípín, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yóò sì kéré níye. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n ní ẹyọ jíìnì yìí kan ṣoṣo tí ó ń ṣiṣẹ́ pàápàá máa ń ní orí kékeré, ọ̀rọ̀ sísọ a sì máa pẹ́ wọn. Ìwọ̀n gan-an ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan máa ń fi í wé iyọ̀ ọbẹ̀, àmọ́ iyọ̀ ṣeé fi omi là.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru DYRK1A nìkan, nítorí jíìnì tí ó wà lórí krómósómù 21 lé ní igba, eku kì í sì í ṣe ènìyàn. Jíìnì APP náà wà níbẹ̀, èyí tí purotéènì rẹ̀ ń di àmílọ́ìdì, ìyẹn ìdọ̀tí purotéènì tí a ń bá nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer. Ìdí nìyẹn tí àmílọ́ìdì fi máa ń hàn nínú ọpọlọ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ní Down syndrome kí wọ́n tó pé 40 ọdún. Ìyá Fèyí, ṣé wọ́n ti yẹ etí ọmọ náà àti thyroid rẹ̀ wò, ìyẹn ẹṣẹ́ ọrùn tí ń ṣe họ́mọ́ònù? Àìgbọ́ràn dáadáa àti thyroid tí kò ṣiṣẹ́ tó lè tún fa ẹ̀kọ́ ọmọ sẹ́yìn, ìtọ́jú sì wà fún méjèèjì.

Ìyá Fèyí: Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n n kò rí thyroid nínú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ mi. Màá béèrè lọ́jọ́ Ajé.