"Orin àjogúnbá" tàbí "orin àjọlò"?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ dábàá pé kí a máa pe àwọn orin jáàsì tí gbogbo onílù àti onífèrè mọ̀, tí kálukú sì ń gbé lọ́nà tirẹ̀, ní "orin àjogúnbá". Ó dára ju "orin òṣùwọ̀n" tí a ti kọ́kọ́ ń lò fún "standard" ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí gàrí ni èmi mọ̀ tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Síbẹ̀, ẹ gbà mí láyè kí n ta kò yín.

Ẹ wo 'Round Midnight, orin ọ̀gànjọ́ òru tí Thelonious Monk, atẹdùùrù jáàsì ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀. Cootie Williams, afunfèrè jáàsì, ló kọ́kọ́ gbé e sí àwo, ní 1944, nígbà tí Monk kò tíì pé ọmọ ọdún 27. Ó di 1947 kí Monk fúnra rẹ̀ tó gbé e sí àwo tirẹ̀. Ní 1955, níbi àjọ̀dún jáàsì Newport ní Amẹ́ríkà, Miles Davis fi fèrè gbé e débi pé orúkọ rẹ̀ gba ìgboro. Ta ló jókòó sídìí dùùrù lọ́jọ́ náà? Monk ni! 1982 ló tó kú. Ta ní ń pín ogún ẹni tó ṣì wà láàyè?

"Àjọlò" ni mo fara mọ́. Ẹnì kan ló gbẹ́ kànga, gbogbo àdúgbò ń pọnmi níbẹ̀, a kò sì gbàgbé ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ohun tó ká mi lára jù ni orúkọ tí a ó pe Monk. "Akọrin" kò bá a mu, dùùrù ló ń tẹ̀. Bernie Hanighen ló kọ ọ̀rọ̀ sí orin náà. "Aṣẹ̀dá" ńkọ́? Inú àdúrà ni mo ti mọ ìyẹn, ẹ̀rù ń bà mí láti fi pe èèyàn. Mo mú "ahunrin" wá, bí a ti ń sọ pé ahunṣọ. Téèpù kan wà láti 1957 tí Monk nìkan ti ń wá ọ̀nà orin yìí lórí dùùrù fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 20. Á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á dúró, á tú u, á tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tí etí ti ń retí ohùn, ó lè fi í sílẹ̀ lófo, bí ihò tí ahunṣọ mọ̀ọ́mọ̀ dá sára òfì. Mo fẹ́ràn àwọn ìdákẹ́ yẹn ju ohunkóhun lọ nínú orin náà.

Ẹnì kan lè ní Dizzy Gillespie, afunfèrè jáàsì mìíràn, ló ni ìbẹ̀rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olórin ń lò báyìí. Òótọ́ ni. Ìṣẹ́tí ni èmi yóò pe ìyẹn; ẹni tó ṣẹ́tí aṣọ kò gba iṣẹ́ ahunṣọ.

Bí àwọn onílù wa bá ti ní orúkọ fún ẹni tó kọ́kọ́ gbé ohùn orin kalẹ̀, tó yàtọ̀ sí ẹni tó ń lé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn wá. N ó fi ayọ̀ jọ̀wọ́ "ahunrin" fún un.