Ṣé màmá mi lè lo L-tryptophan pẹ̀lú sertraline?

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi kápúsù L-tryptophan ránṣẹ́ sí màmá wa, nítorí pé màmá kì í rí oorun sùn lóru mọ́. Kápúsù kọ̀ọ̀kan jẹ́ miligíráàmù 500. Dókítà ti kọ sertraline fún màmá nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wọ́n sì máa ń lo tramadol bí orúnkún bá ń ro wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó wà nínú ẹyin àti wàrà ni, pé kò lè pa ènìyàn lára. Ọkàn mi kò balẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Apoògùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí màmá lò ó. Òótọ́ ni pé tryptophan wà lára àwọn ásíìdì àmínò (ìyẹn àwọn èròjà tí purotéènì fi di odidi) mẹ́sàn-án tí ara àgbàlagbà kò lè ṣe fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé inú oúnjẹ la ti ń rí wọn. Òun ni ara fi ń ṣe serotonin, kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, tí ó sì ń ti ara serotonin ṣe melatonin, èyí tó ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lo nǹkan bíi gíráàmù 1 kí wọ́n tó sùn, ó sì máa ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti tètè sùn. Ṣùgbọ́n sertraline kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tètè gba serotonin padà, tramadol náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá tún wá fi tryptophan kún un, serotonin lè pọ̀ jù, kí ara máa gbọ̀n, kí òógùn máa bò wọ́n, kí àyà máa lù kìkì, kí iṣan le gan-an, kí ara gbóná, kí ọkàn sì dàrú. Ó lè la ẹ̀mí lọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé wọn lọ bí ẹ bá rí irú rẹ̀.

Sertraline àti tramadol tí wọ́n ń lò papọ̀ ló kàn mí jù, nítorí àwọn méjèèjì nìkan lè fa ohun tí mo sọ yìí, wọ́n sì lè fa gìrì. Ẹ sọ fún dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe dá sertraline dúró lójijì.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì: Ti inú ẹyin kò rí bí ti inú kápúsù. Nínú oúnjẹ, àwọn ásíìdì àmínò mìíràn ń bá tryptophan du ọ̀nà kan náà wọ inú ọpọlọ, nítorí náà díẹ̀ ló ń wọlé. Nǹkan bíi miligíráàmù 4 ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni tó wọn kílò 60 kò nílò tó ìdajì kápúsù yẹn, oúnjẹ rẹ̀ sì ti ń fún un. Lọ́dún 1989 ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 1,500 ènìyàn tí ìrora iṣan líle mú lẹ́yìn tí wọ́n lo àfikún tryptophan, àwọn tó kú sì lé ní 30. Èyí tó pọ̀ jù nínú àfikún náà wá láti ọ̀dọ̀ Showa Denko, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, wọ́n sì rí ìdọ̀tí kẹ́míkà nínú ohun tó ṣe. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ nígbà náà.

Ọmọ Ìbàdàn: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gba ìgò náà lọ́wọ́ màmá. Alẹ́ ni wọ́n máa ń lo sertraline. Ṣé ìyẹn lè dí oorun lọ́wọ́?

Apoògùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń gba oorun lójú àwọn mìíràn. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè máa lò ó láàárọ̀, kí ẹ sì bi í nípa oògùn ìrora mìíràn tó lè rọ́pò tramadol.