Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n: ikú Neil Peart, onílù Rush

Láti Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Èkìtì kete, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn o. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020 yìí, tí ìròyìn ti jáde pé Neil Peart, onílù ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Kánádà tó ń jẹ́ Rush, ti kú, fóònù mi ò sinmi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú, ọjọ́ keje oṣù, ló ti dákẹ́ ní Santa Monica ní Kalifọ́níà, kí aráyé tó gbọ́. Ẹni ọdún 67 ni. Jẹjẹrẹ inú ọpọlọ ló bá a fà á fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, ìwọ̀nba ọ̀rẹ́ tó sì mọ̀ kò tú u síta títí tó fi kú. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló kan ará Èkìtì nínú ikú òyìnbó onílù ọmọ Kánádà. Ó kàn wá. Kí olúkúlùkù wa sọ bó ṣe kan òun, kò gbọdọ̀ jẹ́ èmi nìkan ni màá máa sọ̀rọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ni mo fi mọ̀ ọ́n. Agùnbánirọ̀ kan tó háyà yàrá nínú ọgbà wa ní Ajílòsùn ló fi páálí kásẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ fún mi nígbà tó parí ìsìnlú rẹ̀. Inú páálí yẹn ni 2112, àwo Rush kan, wà. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí dáadáa, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ìlù yẹn, mo sì ń rò pé ó kéré tán èèyàn mẹ́rin ló ń lù ú. Òun nìkan ni.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ò mọ̀ wọ́n, mẹ́ta péré ni wọ́n: Geddy Lee tó ń kọrin tó tún ń ta bésì, Alex Lifeson tó ń ta gìtá, àti òun. Òun kọ́ ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ oko ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wá a kàn ní oṣù Agẹmọ 1974. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó fi ń lùlù níwájú èrò tó lé ní 11,000 ní Pittsburgh. Òun náà ló wá di ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin wọn. Nígbà tó di 1975, àwo wọn kan kò tà, iléeṣẹ́ tó ń gbé e jáde sì ní kí wọ́n yé ṣe orin gígùn. Ohun tí wọ́n fi dá wọn lóhùn lọ́dún 1976 ni orin kan tó gba ogún ìṣẹ́jú, tó gba odindi ojú kan àwo 2112 yẹn. Orin yẹn ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju gbogbo àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà lọ.

Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ máa wí.

Láti Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ń lu ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì dé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ nísàlẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ láti ìjẹta, ìyára ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, àti bí ìlù ṣe yí i ká níwájú lẹ́yìn, pẹ̀lú agogo àti gọ́ọ̀ngù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ dé ojú ikú kì í ṣe èyí. Nígbà tó ti lo ogún ọdún nínú Rush, tí àwọn onílù káàkiri ayé ti ń pè é ní ọ̀gá, ó rí onílù bíi tirẹ̀ kan, Steve Smith, tí ìlù rẹ̀ ti dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò jowú. Ó bi í pé ta ló kọ́ ọ. Wọ́n júwe àgbà kan tó ń jẹ́ Freddie Gruber fún un, ó sì lọ jókòó síwájú bàbá yẹn bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó yí bó ṣe ń di igi ìlù mú padà. Ó yí bó ṣe ń jókòó padà. Gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀, ó tú u palẹ̀.

Ẹni tí kò bá lùlù lè má mọ bí èyí ṣe nira tó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń di igi mú, ọwọ́ méjèèjì rí bákan náà, bí ẹni di òòlù mú. Èyí tó lọ kọ́, ọwọ́ òsì yàtọ̀ pátápátá: igi á sùn sí àlàfo àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ìka òrùka á gbé e dúró nísàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sí inú. Ọwọ́ kì í lu igi mọ́lẹ̀ mọ́, ńṣe ló ń yí bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn. Mo gbìyànjú rẹ̀. Igi ń já bọ́, ọrùn ọwọ́ ń ro mí, kọáyà ń wò mí. Ẹni tó ti lówó, tó ti lókìkí, kí ló ń wá níbẹ̀?

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa níbí, ẹni tó bá ti lè gbé orin ìyìn mẹ́ta láìsí ìdádúró, kò sí àgbà tó tó kọ́ ọ mọ́. Ó ń dùn mí. Mo máa ń sọ ìtàn Gruber yìí fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún ara mi.

Ẹ lọ wo fídíò alẹ́ tí wọ́n ṣeré kẹ́yìn, 1 oṣù Ògún 2015 ní Los Angeles. Ní gbogbo ọdún tó fi wà nínú Rush, kì í kúrò nídìí ìlù wá síwájú. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó dìde, ó bọ́ síwájú, ó dì mọ́ àwọn méjì yòókù. Ìgbà tí mo rí i ni mo ti mọ̀ pé ó tán.

Láti Òmùò

Tèmi ò gùn. Kì í ṣe orin ló mú mi mọ̀ ọ́n, ìwé ni. Ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere káàkiri Kamẹrúùnù ní 1988, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Kamẹrúùnù tó pààlà pẹ̀lú wa yìí! Ẹni tí èrò ń san owó rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀ láti wò, ó wà lójú ọ̀nà eléruku, ó ń wá omi tó mọ́ mu, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó mọyì kí èèyàn kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò lásán. Mo ń gun ọ̀kadà jẹun, ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé náà ní bọ́síkọ̀nà. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Ọmọ Àyàn ni mí, láti ilé onílù. Bàbá mi ni wọ́n ń gbé ìyá ìlù. Wọn ò ka ìlù òyìnbó sí ìlù rárá. Wọ́n ní ìlù tí kò lè pe orúkọ èèyàn, ariwo ni.

Lọ́jọ́ kan tí ara wọn yá, mo gbé fóònù sí etí wọn, mo fi ìbẹ̀rẹ̀ YYZ sí i, orin Rush kan tó wà nínú àwo wọn ti 1981. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé aro kéékèèké ló kọ́kọ́ ń dún níbẹ̀ kí gìtá tó bá a gbé e. Bàbá mi gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n dá a padà. Wọ́n tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé, "Kí ló ń wí?"

Ẹ gbọ́ o: wọn ò bi mí pé ta ni, wọn ò bi mí pé irú orin wo ni. Wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Mo ní, "Bàbá, lẹ́tà mẹ́ta ló ń pè." Y, Y, Z ni àmì tí wọ́n fi ń dá pápákọ̀ òfuurufú Toronto mọ̀, bí wọ́n sì ṣe ń fi ìró Morse, ìró gígùn àti kúkúrú tó dúró fún lẹ́tà, pè é lórí rédíò ọkọ̀ òfuurufú náà ni wọ́n sọ di ìlù: gígùn, kúkúrú, gígùn, gígùn, ó tún un ṣe, lẹ́yìn náà gígùn méjì, kúkúrú méjì. Toronto sì ni ilé àwọn Rush. Tí wọ́n bá ti ìrìn àjò dé, ibẹ̀ ni ọkọ̀ wọn ń balẹ̀ sí.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó ń ki ìlú rẹ̀." Wọ́n na ọwọ́ mú ìyá ìlù, wọ́n fi kọ̀ngọ́ wá a títí tó fi bọ́ sí i, wọ́n ń fún ọsán ìlù pọ̀ níbi tó bá gùn, wọ́n ń dá a sílẹ̀ kíá níbi tó bá kúrú. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní "onílù rẹ yẹn tó mọ̀rọ̀".

Ní àárọ̀ Sátidé, mo sọ fún wọn pé ó ti kú. Ọyẹ́ mú, wọ́n wé aṣọ mọ́ra nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n bi mí pé ó bímọ? Mo ní ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé ìlù wá. "Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá" ni wọ́n fi ìlù wí, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí wọ́n ti ń ṣe fún ara ilé wa.

Láti Ìkọ̀lé

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Mo ti ń sunkún ọkùnrin yìí láti ọjọ́ Sátidé, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Àkọ́bí mi ń padà sí yunifásítì ni jàǹbá ọkọ̀ fi mú un lọ lójú ọ̀nà Akúrẹ́. Bí àṣà wa ṣe rí, wọn ò fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn mí, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. "Ẹ gbé e fún Ọlọ́run." "Ẹ ṣe ọkàn akin." "Ẹ wo èyí tó kù." Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó sunkún dé ibì kan, wọ́n á ti ní ó tó.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn wá, òun nìkan ni kò sọ pé kí n dákẹ́. Ìtàn ló sọ fún mi. Ó ní onílù kan wà ní Kánádà, ọmọ kan ṣoṣo ló ní nígbà náà, Selena, ọmọ ọdún 19. Òun náà ń lọ bẹ̀rẹ̀ yunifásítì ní Toronto nínú oṣù Ògún 1997, ọkọ̀ sì pa á lójú ọ̀nà. Kò pé ọdún kan tí ìyá ọmọ náà, Jackie, fi tẹ̀ lé e. Jẹjẹrẹ ni dókítà pè é, ọkọ rẹ̀ sì ní ìbànújẹ́ ló pa á. Níbi ìsìnkú ọmọ ló ti sọ fún àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣeré pé kí wọ́n ka òun sí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbé igi ìlù sílẹ̀. Ó gun alùpùpù kúrò nílé, ó dé Alaska, ó yí padà, ó dé Mẹ́síkò, ó dé Belize: 88,000 kìlómítà.

Mo bi àbúrò mi pé, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré ńkọ́? Ó ní wọ́n dúró. Wọn ò gba onílù mìíràn. Wọn ò fagídí pè é padà. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló padà wá, àwo tuntun sì jáde ní 2002. Ó tún fẹ́yàwó, ó tún bímọ obìnrin.

Ọ̀rọ̀ "wọ́n dúró" yẹn ni mo dì mú. N kò ní alùpùpù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, láti ilé wa gba ọ̀nà Ọ̀yẹ́, títí ẹsẹ̀ á fi máa ro mí. Ìyá ọkọ mi fẹ́ kí wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní kí orí mi má lọ yí. Ọkọ mi ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, màá padà. Mo sì padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn, mo bẹ̀ yín, ẹ yé kán an lójú. Ẹ dúró tì í.

Àbúrò mi fi orin wọn sórí fóònù mi. Ìlù náà pọ̀ jù fún mi, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ọ dópin nítorí ọwọ́ tó ń lù ú. Ọmọ mi kejì gan-an ló fẹ́ràn rẹ̀, ó ti pé ọdún 13, ó ń fi ṣíbí lu gbogbo abọ́ inú ilé. Bọ̀dá Ìkẹ́rẹ́, ṣé ẹ lè kọ́ ọ ní ọwọ́ òsì tí ẹ sọ yẹn?

Láti Adó-Èkìtì

Ìyá wa, ẹ kú àmúmọ́ra. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ kàn wá mọ́. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

Láti Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá wa. Ẹ rán an wá. Kí ẹ má tíì ra ìlù fún un. Òun Peart náà, ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ fún un ní igi ìlù àti rọ́bà tí wọ́n ń lù láti fi kọ́ṣẹ́, tí wọ́n sì ní tó bá lè dúró tì í fún ọdún kan, àwọn á ra ojúlówó. Wọ́n rà á nígbà tó pé 14. Mo ní rọ́bà nílé. Igi méjì péré ni kó mú wá. Kó wọ ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, màá wá pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́, a ó sì ti ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀.