Nẹ́gẹ́tíìfù ọkọ̀ ojú irin eléèédú: ṣé èéfín tó funfun jù ṣe é gbà là?

Ọmọ Ìjàpọ̀ (Àkúrẹ́):
Ẹ̀yin àgbà onífótò, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò bàbá mi tó dolóògbé lọ́dún tó kọjá fi agolo bisikíìtì kan sílẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù ló kún inú rẹ̀. Rélùwéè ni wọ́n bá ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, àwọn ni wọ́n ń ju èédú síná ẹ̀ńjìnnì, wọ́n sì ní kámẹ́rà tiwọn. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n padà sí Àkúrẹ́ wa níbí, tí ojú irin ò dé. Fọ́tò díẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀ nígbà náà wà nínú agolo. Ẹ̀ńjìnnì dúdú biribiri, èéfín funfun gbòò bí ẹni fi abẹ fá ojú bébà. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Báwo ni àwọn òyìnbó tó ya ìgbẹ̀yìn ọkọ̀ eléèédú ṣe ń ṣe tiwọn tó fi ń mọ́? Agolo náà tún ń rùn, òórùn kíkan kan báyìí. Mo fẹ́ kí ẹbí rí àwọn fọ́tò yìí níbi ìrántí ọdún kan wọn.

Tọ́lá Ọ̀kà:
Ẹ fi fóònù yà wọ́n, kí ẹ jẹ́ kí AI bá yín tún èéfín yẹn ṣe. Kò ní pẹ́ rárá.

Bàbá Fótò Òǹdó:
Tọ́lá, jọ̀ọ́, kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Èéfín tí ẹ̀rọ bá fúnra rẹ̀ yà kì í ṣe èéfín tí ọkùnrin yẹn rí.

Ọmọ Ìjàpọ̀, má fi fọ́tò tí wọ́n ti fọ̀ ṣe ìdájọ́. Ohun tó wà nínú fíìmù máa ń ju ohun tí bébà lè gbé jáde lọ. Gbé nẹ́gẹ́tíìfù gan-an kọjú sí fèrèsé. Òdì ni, nítorí náà ibi tí èéfín wà ló máa dúdú jù. Bí o bá rí ìṣẹ́po-ìṣẹ́po nínú dúdú yẹn, èéfín rẹ ò lọ ibì kankan. Ara ẹ̀ńjìnnì ni kí o ṣọ́ dáadáa: bí ibẹ̀ bá mọ́ gaara láìsí àmì kankan, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè fà yọ níbẹ̀ mọ́.

Nǹkan méjì ló ń ti simini ọkọ̀ yẹn jáde. Èéfín dúdú jẹ́ ti èédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù síná. Èyí tó funfun jẹ́ ti omi tó ń hó. Oru omi fúnra rẹ̀ kì í hàn sójú, àfi tí atẹ́gùn tútù bá sọ ọ́ di kùrukùru. Lọ́sàn-án gangan nílẹ̀ wa, kíá ló ń pòórá. Tí tiwọn bá wá ki tó báyìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n yà á. Òtútù yìí náà ló ń gbé àwọn ayàwòrán káàkiri ayé lọ sí òkè Jingpeng ní Ṣáínà nígbà yìnyín, títí ọkọ̀ eléèédú fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2005.

O béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ O. Winston Link ní Amẹ́ríkà, òru ló sábà máa ń ya tirẹ̀. Láàárín 1955 sí 1960 ló ya ọkọ̀ ilé iṣẹ́ rélùwéè Norfolk and Western, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ń ti orí èédú bọ́ sórí dísẹ́ẹ̀lì. Lóru, òun ló ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọlé. Á to gílóòbù fílàṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, á fi wáyà so wọ́n pọ̀ kí gbogbo wọn lè bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni irú gílóòbù yẹn ń tàn, tí ó bá ṣì í, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí iṣẹ́ ọkọ̀ eléèédú tó parí lójú irin ńlá ní oṣù kẹjọ 1968, ẹ̀ńjìnnì ti dọ̀tí nítorí kò sẹ́ni tó ń fọ̀ wọ́n mọ́. Àwọn ayàwòrán kan ń yọ́ wọ ọgbà ọkọ̀ lóru lọ nù ún, kí wọ́n lè yà á bí ilẹ̀ bá mọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ wọn ń dúró sí. Àbúrò bàbá rẹ, orí ẹ̀ńjìnnì ni wọ́n wà, pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Èyí ni mo rò tí àyà mi fi ń já lórí agolo yẹn. Òórùn kíkan yẹn, fíìmù ló ń jẹra. Tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, a máa ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó wọn kúrò nínú agolo lónìí. Ya èyí tó ń rùn sọ́tọ̀, fi èyí tó kù sínú àpòòwé bébà lọ́kọ̀ọ̀kan, má fi sí nylon. Tí ó bá bu, má fi omi kàn án, ara fíìmù á bó.

Ọmọ Ìjàpọ̀:
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ti gbé wọn síta. Nínú èéfín yẹn, mo rí ìṣẹ́po lóòótọ́! Ọ̀kan wà tí ọkùnrin kan jókòó sórí òkìtì èédú, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó ń jẹ iṣu. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:
Rélùwéè ni bàbá tèmi náà ṣe. Ka táyà tó hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: kékeré kan níwájú, ńlá mẹ́rin, kékeré kan lẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n fi orúkọ odò sọ. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá orúkọ wà. Ti ọkùnrin yẹn, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ṣì wà láyé níbí. Fi han mi, màá mú un lọ bá wọn.

Bàbá Fótò Òǹdó:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ọmọ Ìjàpọ̀, orúkọ tí wọ́n bá sọ, fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára àpòòwé kí o tó ki fíìmù bọ inú rẹ̀. Fún yíyà, ìmọ́lẹ̀ funfun láti ìsàlẹ̀, kámẹ́rà lókè. Ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ dáadáa fún èéfín, kí o dín in kù fún ẹ̀ńjìnnì, lẹ́yìn náà ni wàá pa méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tí o ò bá ní tábìlì oníná, kó wọn wá sí Òǹdó, tèmi wà níbí. Èyí tó ń rùn ni ká kọ́kọ́ ṣe.