Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé snapdragon pupa lè yọ òdòdó ní Iléṣà kí ọdún tó parí?

Ìyá Ọlọ́gbà, Iléṣà

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́, mo kí i yín kú iṣẹ́ ọgbà, mo sì kí i yín kú òjò tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé ní ìlú ọba ni ó fi irúgbìn òdòdó snapdragon ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ó pupa fòò nínú àwòrán tí wọ́n yà sí ara pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú èyí tí ó máa ń ga ni, àti pé láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ni kí a gbìn ín. Mo mọ̀ pé ìgbà tiwọn kọ́ ni ìgbà tiwa, ìdí nìyí tí n kò fi tíì já pákẹ́ẹ̀tì náà.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí òdòdó náà tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó wọ ilé wa nígbà tí àwọn ọmọ bá ń bọ̀ wálé fún Ìwúdè àti Kérésìmesì nínú oṣù kejìlá, kí n sì rí díẹ̀ gé sínú ilé. Iwájú ilé wa kọjú sí ìlà-oòrùn. Oòrùn máa ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di bí aago kan ọ̀sán, lẹ́yìn náà ni òjìji ilé yóò bò ó. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, omi sì máa ń dúró lórí rẹ̀ bí òjò bá pọ̀. Aládùúgbò mi kan tí ó ti ta òdòdó rí sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé òdòdó ìlú òtútù ni, kò sì lè yè níhìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá lè yè, ìgbà wo ni kí n fún un, báwo ni kí n sì ṣe é? Ṣé mo tún lè gba irúgbìn lára rẹ̀ fún ọdún tí ń bọ̀?

Aṣọ́gbà Ilé-Ifẹ̀

Màmá, ẹ kú ọgbà o. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Agbègbè Òkun Mẹditaréníà, ní Spéìnì àti gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni snapdragon ti ṣẹ̀ wá, ó sì máa ń hù láàárín òkúta àti lára ògiri àtijọ́ níbẹ̀. Láti inú èyí ni a ti lè mọ̀ pé kò fẹ́ ilẹ̀ tí omi ń dúró sí, ó sì fẹ́ kí òru tutù. Àwọn tí wọ́n ń gbìn ín tà lókè òkun máa ń wá òru tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bí 10 sí 15 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. A kò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tàbí ní Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà méjì ni ooru máa ń dẹwọ́ fún wa lọ́dún: oṣù keje sí ìkẹjọ, nígbà tí ìkùukùu bá bo oòrùn, àti ìgbà ọyẹ́, nígbà tí ilẹ̀ máa ń tutù lóru àti ní ìdájí bí ọ̀sán tilẹ̀ mú. Ti àkọ́kọ́ kò dára fún un, nítorí pé ọ̀rinrin yóò ba ewé rẹ̀ jẹ́. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ fojú sùn.

Láti ọjọ́ tí a bá ti fún irúgbìn náà títí tí yóò fi yọ òdòdó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ó tanná nínú oṣù kejìlá, ẹ fún un ní ìparí oṣù kẹjọ, tàbí kí ó pẹ́ jù ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹsàn-án. Ẹ má ṣe fún un sí ojú ilẹ̀ rárá. Òjò oṣù kẹsàn-án kò ní ṣàánú rẹ̀, nítorí pé irúgbìn náà kéré débi pé girámù kan ṣoṣo lè ní tó 6,000 nínú. Ẹ wá àwo ike tí kò jìn, kí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ po ìlẹ̀dú tí ẹ ti sẹ́ dáadáa mọ́ yanrìn odò, kí ẹ da omi híhó lé e lórí láti pa ohun tí ó lè mú kí ọ̀gbìn jẹrà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Ẹ wá po irúgbìn náà mọ́ yanrìn gbígbẹ díẹ̀ kí ó lè tàn ká, kí ẹ wọ́n ọn sí ojú rẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń hù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pàdánù rẹ̀, tí wọn yóò sì máa bú ẹni tí ó ta irúgbìn fún wọn.

Ẹ má ṣe bu omi lé e lórí. Ẹ gbé àwo náà sínú ọpọ́n omi títí tí ojú yanrìn yóò fi tutù, kí ẹ sì gbé e kúrò. Ẹ ta ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bo ojú rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti ní pa á. Ẹ̀yìn ilé tí ó tutù dára ju abẹ́ páànù lọ. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fi pákẹ́ẹ̀tì irúgbìn náà sínú fíríìjì fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó fún un, ó sì máa ń ràn án lọ́wọ́, bí àwọn oníná bá gbà fún yín. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹ óò rí i tí yóò yọrí. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ká ọ̀rá kúrò, kí afẹ́fẹ́ lè máa kan án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí rẹ̀ yóò rọ̀, yóò sì dojú bolẹ̀.

Bí ó bá ti ní ewé méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi èékánná já orí rẹ̀ kí ó lè pẹ̀ka. Ó máa ń dun èèyàn, ṣùgbọ́n èyí tí a já lórí máa ń ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, èyí tí a kò já sì máa ń yọ ọ̀pá kan gbọọrọ. Jíjá náà máa ń dá òdòdó dúró díẹ̀, nítorí náà, bí àkókò bá ti ń lọ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ já orí ìdajì, kí ẹ fi ìdajì sílẹ̀ kí ó tètè tanná.

Ibi tí ẹ ṣàpèjúwe iwájú ilé yín yẹn wù mí. Oòrùn àárọ̀ àti òjìji ọ̀sán ni ó yẹ ẹ́ jù lọ nílẹ̀ wa. Ẹ kọ ebè tí ó ga sókè síbẹ̀, kí ẹ po yanrìn, ìlẹ̀dú àti ẹ̀kúnwọ́ eérú ìdáná mọ́ ilẹ̀ pupa náà, kí ẹ sì lo ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà tán, níwọ̀nba. Ìgbẹ́ adìyẹ àpọ̀jù yóò jẹ́ kí ó ní ewé tútù yọ̀yọ̀ láìsí òdòdó. Ní ìdajì oṣù kẹwàá, ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé e sórí ebè náà, kí ẹ fi nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó títí tí yóò fi múlẹ̀.

Onídòdó, Modákẹ́kẹ́

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, èmi yóò gbè sẹ́yìn aládùúgbò yín díẹ̀. Mo ń ta òdòdó, n kì í sì í kó snapdragon wá sí ilé ìtajà mi, nítorí pé oníbàárà tí ó bá rà á ní oṣù kìíní yóò padà wá bá mi jà ní oṣù kẹta. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ pupa ni ẹ ń wá lẹ́bàá ọ̀nà, ìdò pupa wà, ixora wà, ṣọkọ pupa tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà wà, gbogbo wọn ni yóò sì fara da ooru láìsí wàhálà fíríìjì àti omi híhó. Wọn kò sì ní gba owó lọ́wọ́ yín.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá ti rán an, tí ọkàn yín sì fà sí i, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ̀wọ́ tí ó bọ́ sí sí ara pákẹ́ẹ̀tì náà. Àwọn tí ń bí irúgbìn rẹ̀ fún títà gẹ́gẹ́ bí òdòdó gígé pín in sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: ọ̀wọ́ 1 àti 2 jẹ́ ti ìgbà òtútù tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, ọ̀wọ́ 3 àti 4 sì jẹ́ ti ìgbà tí ara ilẹ̀ gbóná. Bí ẹ bá gbin ọ̀wọ́ 1 tàbí 2 sínú ooru wa, yóò sáré tanná lórí ọ̀pá kúkúrú tín-ín-rín, òun náà ni yóò sì jẹ́ kí ẹ rò pé irọ́ ni àwòrán yẹn.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ gbígba irúgbìn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tíì fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá kọ F1 sí ara pákẹ́ẹ̀tì yín, àwọn òbí méjì tí ó yàtọ̀ síra ni wọ́n fi bí i, irúgbìn tí ẹ bá gbà lára rẹ̀ kò sì ní jọra wọn ní gíga tàbí ní ìrísí. Bí kì í bá ṣe F1, tí kò sì sí snapdragon aláwọ̀ mìíràn nítòsí, pupa ni ọ̀pọ̀ jù lọ yóò máa jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún funfun. Bí lẹ́búlẹ́bú òdòdó pupa bá dé ara funfun, píńkì ni àwọn ọmọ wọn yóò jẹ́. Bí ẹ bá sì tún gbin ọmọ píńkì wọ̀nyẹn, nínú mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan yóò padà sí pupa, méjì yóò jẹ́ píńkì, ọ̀kan yóò jẹ́ funfun. Snapdragon yìí gan-an ni onímọ̀ ará Jámánì, Erwin Baur, fi ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí rẹ̀ nípa àjogúnbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, títí di òní ni a sì ń fi àpẹẹrẹ náà kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀ òdòdó náà pa dé pátápátá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka méjì rọra fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò la ẹnu. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò pa á dé. Kòkòrò tí kò wúwo kò lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ní Yúróòpù, oyin ńlá onírun ni ó ń ṣí i. Níhìn-ín, ẹ máa ṣọ́ oyin ńlá dúdú tí ó máa ń lu ihò sí ara pákó òrùlé. Àwọn ọmọ-ọmọ yín yóò fi òdòdó náà ṣeré títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí náà, ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn kí wọ́n má baà ká gbogbo rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́gbà, Iléṣà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi, Olúwa yóò máa fún yín ní ìmọ̀ kún ìmọ̀. Mo ti wo ara pákẹ́ẹ̀tì náà: kò sí F1 níbẹ̀, wọn kò sì kọ ọ̀wọ́ kankan. N óò fún un ní ìparí oṣù kẹjọ, n óò sì gbin ìdò sẹ́yìn rẹ̀ kí ibẹ̀ má baà ṣófo nígbà tí ooru bá dé. Ó ku nǹkan mẹ́ta. Ewúrẹ́ àdúgbò wa kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Kí ni kí n ṣe? Báwo ni mo ṣe lè gé òdòdó náà kí ó pẹ́ nínú ilé? Àìsàn wo ni kí n máa wò fún?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Lókè Òkun

Ilé ìtajà òdòdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti gígé. Ìdájí ni kí ẹ gé e, nígbà tí ìdá kan nínú mẹ́ta òdòdó tí ó wà lára ọ̀pá náà bá ti là láti ìsàlẹ̀. Ìyókù yóò máa là lọ sókè nínú omi. Ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, nítorí pé orí rẹ̀ yóò tẹ̀ sókè, kò sì ní tọ́ mọ́. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀, kí ẹ sì máa gé ìdí rẹ̀ díẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ omi. Ohun tí àwọn èèyàn kì í fura sí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀: ẹ má ṣe gbé e sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò tí ó ń pọ́n, nítorí pé atẹ́gùn tí èso ń tú jáde bí ó bá ń pọ́n máa ń mú kí òdòdó yìí já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aṣọ́gbà Ilé-Ifẹ̀

Ti ewúrẹ́ kò ní ìdáhùn méjì, Màmá: ọgbà ọparun ni, kí ó sì ga ju ibi tí ó lè na ọrùn dé lọ. Ẹ̀ka ọparun tín-ín-rín tí ó bá ṣẹ́ kù ni kí ẹ fi ti àwọn òdòdó náà lẹ́yìn, nítorí pé irú èyí tí ó máa ń ga lè dé 75 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, atẹ́gùn ọyẹ́ sì lè dá a dùbúlẹ̀.

Àìsàn tí kí ẹ máa wò fún jù lọ ni èyí tí ó máa ń jẹ́ kí ewé rẹ̀ rí bí irin tí ó dógùn-ún. Ẹ máa yí ewé ìsàlẹ̀ wò lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí àwọn ibi ṣóńṣó aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó ń tú lẹ́búlẹ́bú sí yín lọ́wọ́, ẹ já ewé náà, kí ẹ sun ún, kí ẹ má ṣe dà á sí ààtàn tí ẹ ti ń kó ìlẹ̀dú. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ máa bu omi sí, ní àárọ̀, kí ewé rẹ̀ má ṣe tutù di alẹ́. Bí kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ara ewé bá bò ó ní orí, ẹ gún ewé dóńgóyárò, kí ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fín in sí i ní ìrọ̀lẹ́.

Bí ọ̀pá òdòdó kan bá ti tán, ẹ gé e dé òkè ewé tí ó tẹ̀ lé e, òmíràn yóò sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta tí ó pupa jù ni kí ẹ fi sílẹ̀ láìgé nítorí irúgbìn. Nígbà tí èso rẹ̀ bá gbẹ, ihò kéékèèké yóò là sí orí rẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ kọ inú àpò ìwé, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tọ́jú ohun tí ó bá dà sílẹ̀ sínú ìgò tí ó gbẹ, tí ẹ sì dé pa. Bí oṣù kejì bá fi máa parí, ooru yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ níyà. Ẹ fà á tu nígbà náà, kí ẹ jẹ́ kí ìdò gba ibẹ̀.